Ìgbà wo gan-an là ń lo "hablara" àti "comiera" nínú èdè Sípáníìṣì?

Àbẹ̀kẹ́_Valencia

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín lórí gírámà Sípáníìṣì. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Valencia, mo sì ń lọ kíláàsì ní alẹ́ torí mo fẹ́ ṣe ìdánwò Sípáníìṣì tí wọ́n ń pè ní DELE, ìpele B2. Olùkọ́ wa ti wọ inú ohun tí wọ́n ń pè ní pretérito imperfecto de subjuntivo. Bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le: hablar á di hablara, comer á di comiera, vivir á di viviera. Ìgbà tó yẹ kéèyàn lò ó gan-an ló ń dà mí láàmú. Ìwé tí à ń lò to ìlò rẹ̀ kalẹ̀ rẹpẹtẹ: ìfẹ́, àṣẹ, iyèméjì, ìbẹ̀rù, ète, àlá tí kò lè ṣẹ. Ṣé gbogbo ìyẹn ni màá máa kà lórí kí n tó lanu sọ̀rọ̀ ni?

Ẹ wo gbólóhùn kan láti ibi iṣẹ́. Màmá àgbà kan ní "Yo quería que ella abriera la ventana." Ó fẹ́ kí n ṣí fèrèsé. Nígbà tó yá, bàbá kan sọ nǹkan kan náà, àmọ́ "abriese" lòun pè é. Èwo ni kí n mú? Ṣé ìyàtọ̀ wà nínú méjèèjì?

Olùkọ́_Àgbà

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú àwọn arúgbó. Jẹ́ ká mú ìṣẹ̀dá rẹ̀ ná, torí mo fẹ́ kí ọwọ́ rẹ le níbẹ̀ ká tó dé ibi ìlò.

Má ṣe ti orí "hablar" bẹ̀rẹ̀. Ti orí "hablaron" bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí a ṣe ń sọ pé "wọ́n sọ̀rọ̀" nínú pretérito, àsìkò ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Yọ "ron" ìparí kúrò, fi "ra" rọ́pò rẹ̀. Hablaron fún wa ní hablara, hablaras, hablara, habláramos, hablarais, hablaran. Comieron fún wa ní comiera, comieras, comiera, comiéramos, comierais, comieran. Vivieron ń ṣe bíi ti comieron láìyà rárá: viviera, vivieras, títí dé vivieran. Àwọn ẹbí -er àti -ir ò ní ìyàtọ̀ kankan níbí.

Kí ló dé tí mo fi ní kó o ti orí "wọ́n" bẹ̀rẹ̀? Torí ọ̀nà yìí kì í já èèyàn kulẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò tẹ̀ lé ìlànà náà gba ibẹ̀ kọjá: pidieron, pidiera, durmieron, durmiera, leyeron, leyera, tuvieron, tuviera, dijeron, dijera. Ẹni tó bá mọ pretérito dáadáa ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé náà.

Ohun méjì péré ni kó o ṣọ́. Àkọ́kọ́, "àwa" máa ń gba àmì lórí fáwẹ̀lì tó ṣáájú "ra": habláramos, comiéramos, viviéramos. Kò sígbà tí a kì í kọ àmì yẹn. Èkejì, "èmi" àti "òun" jọra délẹ̀délẹ̀. "Quería que hablara" lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí òun yẹn sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ ṣókùnkùn, fi "yo" tàbí "ella" sí i, bí màmá yẹn ṣe ṣe.

Ní ti abriera àti abriese, nǹkan kan náà ni wọ́n jẹ́ lẹ́yìn "quería que". Látinú èdè Látìn ni àwọn méjèèjì ti wá, àmọ́ ojú ọ̀nà wọn ò pa pọ̀: "amara" wá látinú amaveram, tó túmọ̀ sí "mo ti nífẹ̀ẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn", "amase" sì wá látinú amavissem, tó ti jẹ́ subjuntivo láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, "amara" ya wọ ilé "amase", ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé onílé jáde. Lóde òní -ra ló wọ́pọ̀ jù ní Sípéènì fúnra rẹ̀, ní Látìn Amẹ́ríkà sì rèé, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fi -se sọ̀rọ̀ mọ́, inú ìwé ló kù sí jù. Fi -ra sọ̀rọ̀, fi -ra kọ̀wé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí etí rẹ mọ -se.

Houston_Boy

Òdodo ọ̀rọ̀. Èmi àtàwọn ará Mẹ́síkò la jọ ń kọ́lé níbí, mi ò rántí pé mo gbọ́ -se lẹ́nu wọn rí. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ibi kan wà tí -se ò lè wọ̀ rárá. Téèyàn bá fẹ́ fi pẹ̀lẹ́tù bèèrè nǹkan, "quisiera" là ń sọ. "Quisiera hablar con el jefe." Ẹnikẹ́ni ò ní sọ "quisiese" níbẹ̀. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ máa fi quisiera bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yín ní ọ́fíìsì àti ní báńkì, ẹ ó rí i pé ojú tí wọ́n máa fi wò yín á yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní "quiero", ó máa ń dún bí ìgbà tí ọmọdé ń béèrè súìtì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Àlàbá_Malabo

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Malabo ní Equatorial Guinea ni mo ti ń tajà, Sípáníìṣì la fi ń ṣe gbogbo nǹkan níbí, láti ìgbà tí ìlú yìí ti wà lábẹ́ Sípéènì kó tó gba òmìnira ní 1968. Èmi ò jókòó ní kíláàsì kankan. Ohun tó là mí lójú nípa subjuntivo ni èdè wa fúnra rẹ̀, ó sì máa ń dùn mí pé àwọn tó ń kọ́ Yorùbá ní Sípáníìṣì kì í sọ ọ́, torí ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ wa.

Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

Ó ní mo pe dókítà.
Ó ní kí n pe dókítà.

Kò sí Yorùbá kankan tí á ṣi méjèèjì gbọ́. Àkọ́kọ́ ń ròyìn ohun tí mo ṣe. Èkejì ń sọ ohun tí ẹnì kan fẹ́ kí n ṣe, bóyá mo ṣe é o, bóyá mi ò ṣe é o. "Kí" ló pín wọn níyà. Bí Sípáníìṣì náà ṣe pín wọn nìyẹn, àmọ́ ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe lòun fi pín in:

Dijo que yo llamé al médico.
Me dijo que llamara al médico.

Níbi tí Yorùbá bá ti sọ "kí", ẹ lọ wo Sípáníìṣì rẹ̀, subjuntivo lẹ máa bá níbẹ̀. Ó fẹ́ kí n ṣí fèrèsé: quería que abriera. Wọ́n bẹ̀ wá ká dúró: nos pidieron que esperáramos. Kò tán síbẹ̀ o. "Kí wọ́n tó dé" ni "antes de que llegaran". "Kí wọ́n lè gbọ́ mi" ni "para que me entendieran". Àwọn ìlò rẹpẹtẹ tí ìwé Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ tò kalẹ̀, ìfẹ́, àṣẹ, ète, gbogbo ẹ̀ ló wà lábẹ́ "kí" kan ṣoṣo. Àti kékeré la ti ń sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́_Valencia

Ẹ̀gbọ́n Àlàbá! Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti mú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mi jáde báyìí, mo ń fi Yorùbá sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, "kí" ń yọjú lóòótọ́.

Ìbéèrè mi rèé. "Ó fẹ́ kí n ṣí fèrèsé." Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá abra ni àbí abriera? Yorùbá kan náà ni fún méjèèjì.

Olùkọ́_Àgbà

Ọmọ mi, o ti fọwọ́ kan ibi tó ṣe pàtàkì jù. Ohun tí Àlàbá sọ dára gan-an, màá sì tì í lẹ́yìn. Àmọ́ "kí" ò lè sọ àsìkò fún ọ. Subjuntivo nìkan ló lè sọ pé ó yẹ. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú ló ń sọ àsìkò. Tí ìfẹ́ náà bá wà lọ́wọ́lọ́wọ́, quiere que abra. Tó bá jẹ́ pé ó ti kọjá, quería que abriera, quiso que abriera. Tó bá sì jẹ́ -ría ló ṣáájú, bíi me gustaría, wọ ti àtijọ́ náà: me gustaría que trabajaras conmigo, ó wù mí kí o bá mi ṣiṣẹ́. Ìbéèrè méjì lo máa bi ara rẹ: ṣé "kí" wà níbẹ̀? Kí ni àsìkò ọ̀rọ̀ tó ṣáájú?

Mo ní láti kìlọ̀ fún ọ nípa ibi tí "kí" ti máa ń tanni.

Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan náà ló ni ìṣe méjèèjì, Sípáníìṣì ò ní lo subjuntivo. A máa ń sọ pé "Kí n tó jẹun, mo fọ ọwọ́". "Kí" wà níbẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n Sípáníìṣì á ní "Antes de comer, me lavé las manos". Bákan náà ni "Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ kí n lè ríṣẹ́": estudiaba para encontrar trabajo. Àfi tí ẹlòmíì bá wọ ọ̀rọ̀ náà: estudiaba para que mis hijos vivieran mejor, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ kí ayé àwọn ọmọ mi lè dára sí i. Ní ti "fẹ́", Yorùbá àti Sípáníìṣì tiẹ̀ jọ ń rìn ni. Mo fẹ́ jẹun, quería comer. Mo fẹ́ kí o jẹun, quería que comieras. Ìgbà tí olùṣe bá di méjì ni "kí" máa ń wọlé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ibi tí Yorùbá ti ń lo "pé", tí Sípáníìṣì sì ń béèrè subjuntivo síbẹ̀. Inú mi dùn pé o pè mí: me alegró que me llamaras. Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ń gbé níbẹ̀: me sorprendió que vivieran allí. Mi ò gbà pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: no creía que trabajaran allí. Tí "no" bá kúrò, ó di creía que trabajaban allí, subjuntivo á sì pòórá. Tó o bá dúró de "kí" nínú irú àwọn gbólóhùn báyìí, o máa dúró pẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Valencia

Ẹ má bínú sí mi o, sà. Iyèméjì yé mi. Àmọ́ "inú mi dùn pé o pè mí", ẹni náà pe èèyàn lóòótọ́. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo subjuntivo sí i?

Olùkọ́_Àgbà

Kì í ṣe ìbéèrè tó ń bíni nínú rárá. Ìwé tó ń kọ́ni pé "ohun tí kò dáni lójú" ni subjuntivo ló ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí wàhálà níbí. Wò ó báyìí: nígbà tó o sọ pé "me alegró que me llamaras", ṣé ìpè yẹn lò ń kéde fún ẹni náà? Òun ló pè ọ́, ó mọ̀. Inú rẹ tó dùn ni ìròyìn tó o mú wá. Ìpè yẹn wà nínú ọ̀rọ̀ bí ohun tí a ti jọ mọ̀. Ohun tí Sípáníìṣì bá ń kéde bí ìròyìn ló máa ń fi sí indicativo. Tó bá jẹ́ ohun tó ń wò lásán, tó ń fẹ́, tó ń sá fún, tó ń yọ̀ sí, subjuntivo ló máa ń fi sí.

Ifátóyìn_Ọ̀yọ́

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Èmi àtàwọn olórìṣà ní Cuba la máa ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, pàápàá àwọn tó wà ní Matanzas, Sípáníìṣì sì lèdè wọn. Wọn kì í ṣe wàhálà fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹ wo èyí tí ẹnì kan kọ sí mi:

"Mi padrino dice que llamara mañana"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ṣé pé bàbá náà máa pè lọ́la ni, àbí pé ó ní kí èmi pe òun lọ́la? Llamara ló kọ, kò fi àmì kankan sí i. Ẹ bá mi tú u.

Olùkọ́_Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá náà máa pè yín, ẹ fi fóònù sí ìtòsí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú ló tú u: "dice", ó ń sọ báyìí. Tó bá jẹ́ pé ó ń pàṣẹ fún yín ni, "dice que llame" ni ì bá jẹ́. Nítorí náà "llamará" ló fẹ́ kọ, ìyẹn ọjọ́ iwájú, ohùn sì tẹ̀ mọ́ rá tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ pé ó kọ "dijo que llamara", mi ò ní lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sún mọ́ "ó ní kí ẹ pe òun" jù, àmọ́ "dijo que llamará" náà ṣeé sọ tí ọ̀la yẹn ò bá tíì dé.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an lẹ́nu. Hablara, ohùn tẹ̀ mọ́ bla. Hablará, ohùn tẹ̀ mọ́ rá. Àwa Yorùbá ò yẹ ká ní ìṣòro pẹ̀lú ẹ̀, etí wa ti mọ̀ pé ibi tí ohùn bá gòkè sí lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ kàn má jẹ́ kí àwọn sílébù yòókù ga pẹ̀lú rẹ̀.

Àlàbá_Malabo

Olùkọ́, mo gbà pẹ̀lú yín lórí "pé". Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ìbátan "kí", ìyẹn "bá". Ẹ gbọ́ èyí:

Mo pè é nígbà tí mo dé ilé. Lo llamé cuando llegué a casa.
Ó ní kí n pe òun nígbà tí mo bá dé ilé. Me dijo que lo llamara cuando llegara a casa.

Nígbà tí dídé ti ṣẹlẹ̀, kò sí "bá". Nígbà tí dídé ṣì wà níwájú lójú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, "bá" wọlé, subjuntivo náà sì wọlé. Ó tún wà nínú "ẹni tó bá". Mo ń wá ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, èyíkéyìí tí mo bá rí: buscaba a alguien que hablara yoruba. Mo ń wá obìnrin kan tó gbọ́ Yorùbá, ìyẹn ẹni kan pàtó tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: buscaba a una mujer que hablaba yoruba. Ẹ rí i pé èdè wa ti pín in kalẹ̀ fún wa.

Olùkọ́_Àgbà

Àlàbá, èyí dùn mọ́ mi gan-an, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Àmọ́ ibì kan wà tí "bá" ti lè ba ìdánwò èèyàn jẹ́, ibẹ̀ ni "si".

Bí òjò bá rọ̀, a ò ní jáde. "Bá" wà níbẹ̀. Sípáníìṣì rẹ̀ ni "Si llueve, no salimos". Indicativo lásán ni. "Si llueva" ò sí, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. "Si" kì í gba subjuntivo ti ìsinsìnyí nínú irú gbólóhùn yìí.

Ìgbà tí "si" máa gba -ra ni ìgbà tí Yorùbá á sọ "ká ní", tí "ìbá" sì wà lápá kejì. Ká ní mo ń gbé ní Sevilla ni, ǹ bá máa ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì: si viviera en Sevilla, trabajaría en un hotel. A mọ̀ pé mi ò gbé níbẹ̀. Apá tó ní "ká ní" ló gba -ra, apá tó ní "ǹ bá" ló gba -ría. Má ṣe pààrọ̀ wọn. Ní àríwá Sípéènì, ní Burgos àti agbègbè Basque, o máa gbọ́ "si viviría" lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn, àmọ́ tó o bá kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n á yọ máàkì lára rẹ.

"Bí ẹni pé" náà wà lẹ́bàá ibẹ̀: hablaba como si viviera allí, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń gbé. Lẹ́yìn "como si", -ra tàbí -se nìkan ni, kódà tí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú bá jẹ́ ti ìsinsìnyí. Habla como si viviera allí. Ìlànà àsìkò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò ṣiṣẹ́ níbí yìí.

Ifátóyìn_Ọ̀yọ́

"Ojalá" wá ńkọ́? Àwọn ará Cuba mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Olùkọ́_Àgbà

Ojalá gba méjèèjì. Ohun tó lè ṣẹ tí a ń gbàdúrà fún: ojalá llegue hoy, Ọlọ́run jẹ́ kó dé lónìí. Ohun tí a fẹ́ àmọ́ tí ọkàn wa ò gbé e pé á rí bẹ́ẹ̀: ojalá llegara hoy, ì bá jẹ́ dé lónìí. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó dárúkọ Ọlọ́run ni ojalá ti wá, kò sì yani lẹ́nu pé ó ń dún bí àdúrà.

Houston_Boy

Ọ̀gá, ẹ dákun, ará Bolivia kan wà lára àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà ló máa ń sọ pé "me dijo que llame", nígbà tí nǹkan náà ti kọjá tipẹ́. Àwọn ará Mẹ́síkò á sọ "me dijo que llamara". Ta ló tọ̀nà?

Olùkọ́_Àgbà

Ará Bolivia yẹn ń sọ èdè ìlú rẹ̀ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Ní Bolivia, Peru, Ecuador àti apá kan Argentina, wọ́n máa ń fi subjuntivo ti ìsinsìnyí sí ibi tí àwọn yòókù ń fi ti àtijọ́ sí. Nínú èdè ìwé pàápàá, "me pidió que trabaje el domingo" tọ̀nà tí Sunday náà bá ṣì wà níwájú. Ṣùgbọ́n tí Sunday bá ti kọjá, ẹni tó ń múra ìdánwò kó kọ trabajara.

Àbẹ̀kẹ́, DELE B2 lo sọ pé o fẹ́ ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń retí imperfecto de subjuntivo lọ́wọ́ èèyàn gan-an nìyẹn, kì í ṣe bíi ti A2 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ di ọmọ onílùú. Bá mi yí mẹ́fà yìí sí Sípáníìṣì, má wo ìwé:

Bàbá náà bẹ̀ mí kí n kọ lẹ́tà náà.
Ká ní o máa ń bá mi sọ Yorùbá ni, ǹ bá dá ọ lóhùn.
Mo jáde kí ọ̀gá tó wọlé.
Bí wọ́n bá pè mí lọ́la, màá lọ.
Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ tán.
Wọ́n fẹ́ ká jẹun pọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Valencia

Mo ti dé láti ibi iṣẹ́, sà. Ó rèé:

El señor me pidió que escribiera la carta.
Si me hablaras en yoruba, te contestara.
Salí antes de que entrara el jefe.
Si me llaman mañana, voy.
Me sorprendió que se lo comieran todo.
Querían que comieramos juntos.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wo ìwé, lórí "sorprender".

Àlàbá_Malabo

Àǹtí, ẹ kú orí ire! Ẹ ò kó sínú pàkúté "si me llaman".

Olùkọ́_Àgbà

O ṣe dáadáa gan-an. Mẹ́rin wọlé láìní àbùkù, "comieran" sì dùn mọ́ mi jù, torí "pé" ló wà nínú Yorùbá rẹ̀, o ò sì jẹ́ kó tàn ọ́.

Èkejì: apá "si" dára, àmọ́ "te contestaría" ni kó o kọ. "Te contestara" wà lẹ́nu àwọn kan ní Amẹ́ríkà ti ìhà gúúsù, ó sì wà nínú ìwé àtijọ́, ṣùgbọ́n "ǹ bá" ni apá yẹn, -ría ló ni ín. Ẹ̀kẹfà: comiéramos, àmì wà lórí e. Kọ ọ́ sára ògiri bó o bá fẹ́: habláramos, comiéramos, viviéramos, kó o máa kà á sókè, kí ohùn rẹ tẹ̀ mọ́ ibi tí àmì wà.

Valencia lo wà, nítorí náà fi "vosotros" náà kún un. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ á máa sọ pé "os dije que limpiarais la cocina", mo ní kí ẹ tún ilé ìdáná ṣe. Limpiarais ò gba àmì. Houston_Boy á ní "limpiaran" níbẹ̀, torí "ustedes" ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Valencia

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, ẹ ṣé. Olùkọ́ wa ti dárúkọ "hubiera hablado" fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé "ká ní" náà ni?

Olùkọ́_Àgbà

"Ká ní" náà ni, tí "ti" wà nínú rẹ̀. Ká ní mo ti pè é ni: si lo hubiera llamado. A ó mú ìyẹn lọ́tọ̀. Kó o tó débẹ̀, kó àwọn gbólóhùn tó ní "pé" jọ fún mi láti ibi iṣẹ́ rẹ, ohun tó yà ọ́ lẹ́nu, ohun tó dùn mọ́ ọ, ohun tí o ò gbàgbọ́, kó o sì gbé wọn síbí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí fún ìgbà díẹ̀.